Kí Ló Dé Tí Ifẹ̀ Fi Ní Ọ́nọ́rébù Kan Ṣoṣo L'Ábùjá, Tí Ìjẹ̀ṣà Sì Ní Méjì?

Ìbéèrè tí àbúrò kan láti Ìrẹ̀mọ níbí ní Ilé-Ifẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin la ní n'Ífẹ̀, síbẹ̀ ọ́nọ́rébù kan ṣoṣo ló ń ṣojú wa ní Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní méjì. Ta ló pín in báyìí? Ṣé bó ṣe wà láti ayé Awólọ́wọ̀ nìyẹn? Ṣé wọ́n sì lè tún un pín?"

Àbúrò mi, o ṣeun tóo béèrè, torí ọ̀rọ̀ yìí làwọn èèyàn fi ń bú ara wọn kiri láìmọ ìdí ẹ̀. Rárá o, kì í ṣe bó ṣe wà láti ayé Awólọ́wọ̀. Ilà tóo ń rí yìí, ọdún 1996 ni wọ́n fà á, nígbà ìjọba Abacha, àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn tí wọ́n ń pè ní NECON ló fà á, INEC wá jogún ẹ̀ ní 1998, òun la sì fi dìbò ní 1999, òun la ṣì ń lò títí dòní. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti pín Ifẹ̀ lóríṣiríṣi, ìgbà kan sì wà tí àwa náà ní ju ẹyọ kan lọ dáadáa.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1951, lábẹ́ òfin Macpherson, kò sóhun tó ń jẹ́ ẹkùn ìdìbò àpapọ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn làwọn èèyàn dìbò sí, àwọn tó wọlé síbẹ̀ ló wá yan àwọn tó máa lọ jókòó l'Ékòó láàárín ara wọn. Ìwọ̀-Oòrùn ní 34 nínú ilé ti Èkó yẹn. Ìgbà tó di 1954 ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, tí àwọn èèyàn wá ń dìbò tààràtà fún ẹni tó ń lọ sí Ilé Aṣojú, Ìwọ̀-Oòrùn sì gba ìjókòó 42 nínú 184. Ìdìbò yẹn ni Rẹ̀mí Fàní-Káyọ̀dé fi wọlé láti Ifẹ̀ níbí lábẹ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ọmọ Ifẹ̀ ni, ó sì wà lára àwọn tó gbé àbá òmìnira wá sílé yẹn. Láyé yẹn, Dífíṣọ̀n tí àwọn òyìnbó pín ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún yín ní ìjókòó, bí Dífíṣọ̀n bá ṣe tóbi sí.

Àyípadà gidi dé ní 1959. Ilé náà di ìjókòó 312, Ìwọ̀-Oòrùn gba 62, wọ́n wá gé gbogbo orílẹ̀-èdè sí ẹkùn kéékèèké, ẹnìkan fún ẹkùn kan. Ìkànìyàn 1952 sí 1953 sọ pé a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 30, tóo bá pín in sí 312, bíi 100,000 èèyàn ló kan aṣojú kọ̀ọ̀kan. Ní 1964, wọ́n tún un pín pẹ̀lú ìkànìyàn 1963, 312 náà ni àpapọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn já sí 57 torí pé wọ́n ti yọ Mid-West kúrò lára ẹ̀, tí wọ́n fún ìyẹn ní 14. Ṣóo rí i, láàárín ọdún márùn-ún péré wọ́n ti pín in lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó rí ìlà ìdìbò bí ohun tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara Ẹ̀ fà nígbà yẹn.

Ológun dé, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ 19 sílẹ̀, àwa wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ tí wọ́n dá ní February 1976, FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà yẹn, sì pín Ilé Aṣojú sí 449. Ọ̀yọ́ nìkan gba 42! Kano tó ní 46 nìkan ló jù ú lọ. Ìkànìyàn 1963 ni wọ́n ṣì lò torí ti 1973 ni wọ́n ti fagi lé, ó sì jẹ́ bíi 124,000 èèyàn sí aṣojú kan. Àwọn àgbà tó dìbò ayé Bọ́lá Ìgè lè rántí pé aṣojú ìgbà yẹn kò jìnnà sí wọn, ẹkùn ẹ̀ kò fẹ̀, ó lè fi ọjọ́ méjì yí gbogbo ẹ̀ ká.

Ìgbà tó wá di 1992, ayé Babangida, wọ́n ṣe ohun tí n kò rí irú ẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní aṣojú kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ìjọba ìbílẹ̀ 589 ló wà, Àbújá sì ní mẹ́rin tiẹ̀, wọ́n bá di 593. Ọ̀ṣun ti di ìpínlẹ̀ nígbà yẹn, 27 August 1991 ni wọ́n yọ wá lára Ọ̀yọ́. Wọ́n sì ti pín ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀rànmíyàn àtijọ́, Ife Central, Ife North àti Ife South ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó túmọ̀ sí pé Ifẹ̀ ní aṣojú mẹ́ta l'Ábùjá ní 1992. Mẹ́ta o! Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún kì í gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, kí Abacha tó tú gbogbo ilé náà ká ní November 1993.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà gan-an nìyí. Nígbà tí Abacha ń ṣètò tiẹ̀, wọ́n dín Ilé Aṣojú kù láti 593 sí 360, lọ́dún kan náà, 1996, tí wọ́n tún ń fi ìjọba ìbílẹ̀ kún ìjọba ìbílẹ̀ títí ó fi pé 774. Ní Ọ̀ṣun, láti 23 a di 30. Ife East jáde nínú ẹ̀, Iléṣà pín sí East àti West, Àtàkúnmọ́sà náà pín sí méjì. Àwọn èèyàn ń jó, wọ́n ń yọ̀ pé àwọn ti gba ìjọba ìbílẹ̀ tuntun (níhìn-ín n'Ífẹ̀ ayọ̀ yẹn kò pẹ́, torí ọ̀rọ̀ ibi tí ọ́fíìsì Ife East máa wà wà lára ohun tó dá ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ ní 1997, ẹ̀mí tó bá a lọ kò ṣeé kà, mi ò fẹ́ tú ojú egbò yẹn síbí), kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ kún un ni wọ́n ń fi tòsì gba aṣojú. Ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ láti mẹ́ta sí mẹ́rin, aṣojú wa já láti mẹ́ta sí ọ̀kan.

Ọ̀ṣun gba mẹ́sàn-án nínú 360. NECON wá kó ìjọba ìbílẹ̀ 30 yẹn, wọ́n ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn, wọn ò gé ìkankan sí méjì. Òṣogbo, Olórundá, Ìrẹ̀pọ̀dùn àti Oròlú bọ́ sí ọ̀kan. Ẹdẹ méjèèjì pẹ̀lú Ẹgbẹ́dọrẹ àti Ẹjìgbò, ọ̀kan. Ìwó, Ayédìre àti Ọlá-Olúwa, ọ̀kan. Ìkirè lọ́hùn-ún, ìyẹn Irẹ́wọlé, Ìsọ̀kàn àti Ayédáadé, níbi tí Patricia Etteh tó ṣe Spíkà ní 2007 ti wá, ọ̀kan. Ìlá, Ifẹ́dayọ̀ àti Bolúwadúró, ọ̀kan. Bóríipé, Ifẹ́lódùn àti Ọ̀dọ̀-Ọ̀tìn, ọ̀kan. Iléṣà méjèèjì àti Àtàkúnmọ́sà méjèèjì, ọ̀kan. Ọbòkun àti Oríadé, méjì péré, àwọn náà ní ọ̀kan. Ifẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan.

Ó yá, ká ka iye èèyàn tó wà níbẹ̀. Ìkànìyàn 2006 ni ti ìkẹyìn tí a ṣe ní Nàìjíríà. Ife Central 167,254, Ife East 188,087, Ife North 153,694, Ife South 135,338. Àpapọ̀ ẹ̀ 644,373. Ní ti Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà àti Àtàkúnmọ́sà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 354,981, Ọbòkun àti Oríadé jẹ́ 265,128, tóo bá ro méjèèjì pọ̀ ó jẹ́ 620,109. Gbogbo Ọ̀ṣun jẹ́ 3,416,959, tóo bá pín in sí mẹ́sàn-án, bíi 380,000 ló yẹ kí aṣojú kan máa ṣojú fún.

Wò ó dáadáa. Ọ́nọ́rébù Ifẹ̀ ń ṣojú èèyàn tó lé ní ìlọ́po méjì àwọn tí ti Ọbòkun àti Oríadé ń ṣojú fún. Bí ìwọ ṣe dìbò n'Írẹ̀mọ, ìbò rẹ kò tó ìdajì ìbò ẹni tó dìbò n'Íjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tàbí n'Íbòkun, tó bá di ọ̀rọ̀ Ilé Aṣojú. Ti Ìlá tiẹ̀ tún kéré sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó 200,000. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lọ máa bínú sí Ìlá o.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ jù nínú gbogbo èyí ni pé Ìjẹ̀ṣà kò gba ohun tí í ṣe tiwa. Tóo bá fi 380,000 yẹn wọn Ifẹ̀, ìjókòó kan àti bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá ló tọ́ sí wa. Fi wọn Ìjẹ̀ṣà, ìjókòó kan àti ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ìkọ̀ọ̀kan wọn ju ọ̀kan lọ, kò sì pé méjì. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà lápapọ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹkùn sẹ́nẹ́tọ̀ kan náà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́ta àti díẹ̀ ló tọ́ sí wọn, mẹ́ta náà ni wọ́n sì gbà. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù láàárín ìlú méjì tó dọ́gba ló bọ́ sọ́dọ̀ Ìjẹ̀ṣà ní 1996, ó wá dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Àwọn tó fà á kò tíì rí ìkànìyàn 2006 nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkànìyàn yẹn wá jáde, kò sẹ́ni tó padà lọ wo ìlà náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Torí òfin kò sọ pé kó dúró bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin 1999, abala 49 sọ pé àwọn ẹkùn 360 yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní iye èèyàn bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Ó tún ní ẹkùn kan kò gbọ́dọ̀ wọ ìpínlẹ̀ méjì. Abala 72 tún gbogbo ẹ̀ sọ, ó fi kún un pé ilẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ra bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Abala 73 ní kí INEC máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òfin ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àárín àyẹ̀wò kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Ó sọ ìgbà tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe é, kò sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán. Ihò yẹn ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ó tún fi àyè sílẹ̀ pé tí wọ́n bá ka èèyàn, INEC lè tún un ṣe. Abala 74 ló wá gbé kọ́kọ́rọ́ fún àwọn tọ́rọ̀ kàn gan-an, ó ní ohunkóhun tí INEC bá yí padà, àfi kí Sẹ́nétì àti Ilé Aṣojú fọwọ́ sí i kó tó dúró, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí ilé tó wà lórí àga yẹn yóò fi parí sáà ẹ̀.

Ìwọ náà rò ó wò. Ọ́nọ́rébù tó ti mọ gbogbo olórí wọ́ọ̀dù tó wà lágbègbè ẹ̀, tó mọ ibi tó ń ná owó sí kó tó wọlé, o fẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé tó máa gé ẹkùn ẹ̀ sí méjì? Ó ṣòro. Ìkànìyàn tuntun tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ní May 2023, ìjọba sún un síwájú, a kò tíì ṣe é.

Àwọn kan á ní ṣebí INEC tún gbogbo ẹ̀ pín ní 2021. Ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Pólíìn yúnìtì ni wọ́n fi kún ní 2021, láti bíi 120,000 di 176,846, kí àwọn èèyàn má baà máa tò gùn-ún-gùn-ún. Kò yí ìlà wọ́ọ̀dù padà, kò yí ẹkùn padà. Àwọn pólíìn yúnìtì àtijọ́ yẹn gan-an, 1996 náà ni wọ́n ti wà. Ọdún yẹn ló ṣì ń darí wa.

Wàá ní kí ló wá kàn mí nínú kí aṣojú jẹ́ kan tàbí méjì, ṣebí wọn ò ṣe nǹkankan náà. Ó kàn ọ́. Lọ́jọ́ ìdìbò, ìwé ìdìbò Ilé Aṣojú tí wọ́n máa fún ọ n'Írẹ̀mọ, òun gan-an ni wọ́n máa fún àgbẹ̀ kòkó tó wà l'Ólódè, òun ni wọ́n máa fún ìyá tó ń ta nǹkan ní Mọ̀rọ̀, òun ni wọ́n máa fún ẹni tó wà ní Modákẹ́kẹ́. Tí ìbò bá parí, èsì á kúrò ní yúnìtì lọ sí wọ́ọ̀dù, láti wọ́ọ̀dù lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá pàdé lójú kan, wọ́n á máa rò ó pọ̀ di òru. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò yẹn n'Ífẹ̀, àfi kó ná'wó láti Àṣípa àti Ẹ̀dúnàbọ̀n lọ́nà Ìbàdàn títí dé Ifẹ̀tẹ̀dó lọ́nà Oǹdó. Ta ló ní irú owó yẹn? Àwọn ọ̀dọ́ tó ní làákàyè tí kò lówó, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń padà. Ẹni tó bá sì wọlé, ìpín iṣẹ́ àkànṣe tó ń bọ̀ láti Àbújá, ẹ̀rọ amúnáwá tiransífọ́mà, kànga ìgbàlódé, iná òpópónà, èyí tí Ọbòkun ń bá Oríadé nìkan pín, àwa mẹ́rin la ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́. Rotimi Makinde ṣe é láti 2011, Albert Adeogun gbà á ní 2015, Taofeek Ajilesoro wọlé ní 2019, ó tún wọlé ní 2023. Nínú gbogbo wọn, mi ò rí ẹni tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà pé ó ṣe é dọ́gba fún àwọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn nìkan, ilẹ̀ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ló fẹ̀ jù.

Ìlà náà sì lágídí tiẹ̀ láwọn ibòmíì. Lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó, gun ọ̀kadà, kò ní pẹ́ rárá tí wàá fi dé Òkè-Igbó. Òkè-Igbó yìí ni Dérìn Ológbenlá ń gbé nígbà tí wọ́n yàn án ní Ọọ̀ni, mọ̀lẹ́bí kan náà ló wà níhà méjèèjì, wọ́n jọ ń sìnkú, wọ́n jọ ń gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Òkè-Igbó bọ́ sí, àwọn àti Ilé-Olújì pẹ̀lú Odígbó ló jọ ní aṣojú, abala 72 kò sì gbà pé kí wọ́n bá Ifẹ̀ dìbò láé àfi tí wọ́n bá yí ààlà ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ padà. Níhà kejì, Ifẹ̀wàrà tí ìtàn wọn so mọ́ Ilé-Ifẹ̀, Àtàkúnmọ́sà West ni wọ́n wà, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń bá dìbò. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ẹkùn ìdìbò tẹ̀lé ìran, sọ fún un pé ìwé ìjọba ló tẹ̀lé.

Ó kù ká dáhùn apá tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè rẹ: ṣé wọ́n lè tún un pín? Wọ́n lè ṣe é. Òfin kò tiẹ̀ sọ níbikíbi pé ẹkùn gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi ìjọba ìbílẹ̀, àṣà NECON lásán ni. Tí wọ́n bá ní kí Ifẹ̀ di méjì lọ́la, ó tiẹ̀ rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ: Ife Central àti Ife North jọ jẹ́ 320,948, Ife East àti Ife South jọ jẹ́ 323,425. Bí ẹní fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n! Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mẹ́sàn-án ni ti Ọ̀ṣun. Èyí tí Ifẹ̀ bá gbà, ibìkan nínú ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ti yọ ọ́, àfi tí wọ́n bá tún ìwé òfin ṣe kí ilé náà ju 360 lọ. Tí Ifẹ̀ bá ní méjì, tí Ìjẹ̀ṣà náà sì ní méjì, apá ìlà-oòrùn yìí ní mẹ́rin, ìyókù Ọ̀ṣun tó lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn á máa pín márùn-ún. Àwọn náà á ní a rẹ́ àwọn jẹ, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ. Èrò tèmi ni pé ká má lọ máa bèèrè fún "kí wọ́n fún Ifẹ̀ ní kan sí i" bíi pé wọ́n fẹ́ ta wá lọ́rẹ. Ohun tó yẹ ká béèrè ni kí wọ́n tú gbogbo ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ká, kí wọ́n tún wọn fà pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, kí wọ́n sì gbà láti gé ìjọba ìbílẹ̀ níbi tó bá yẹ, wọ́ọ̀dù ni kí wọ́n máa kó jọ. Tí wọ́n bá fi wọ́ọ̀dù ṣe é, kò sí ẹkùn kan l'Ọ́ṣun tó máa ju èkejì lọ ní ohun tó ń bí èèyàn nínú.

Ilé ẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Ní 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ fún INEC pé kí wọ́n tún àwọn wọ́ọ̀dù ẹkùn ìdìbò Warri pín látìbẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni, nígbà tí INEC sì gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, igbe ta níbẹ̀ gan-an. Mo sọ ọ́ kóo lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, kóo sì mọ̀ pé kò tutù. Ìlú tó bá ní ẹ̀yà tàbí àdúgbò tí kò gbọ́ ara wọn yé, wọ́n gbọ́dọ̀ ti jókòó sọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó gbé ìwé lọ. Àwa pẹ̀lú Modákẹ́kẹ́ wà nínú Ife East kan náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ìwé sí INEC lórí ẹ̀, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́nọ́rébù àti sẹ́nétọ̀ yín torí àwọn ló máa fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn. Ẹ má kọ ìtàn Odùduwà síbẹ̀. Ẹ kọ 644,373 sí ìlà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ kọ 380,000 sí abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tọ́ka sí abala 49 àti 72. Kẹ́ ẹ sì wá àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa bá yín fọwọ́ sí i, pàápàá láti Iléṣà, torí ìlà yìí bá àwọn náà: àwọn ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin lábẹ́ aṣojú kan, bíi tiwa gẹ́lẹ́.